Bí Ojú Bá Burú

Nínú Matteu 20:15, ọlọ́gbà àjàrà bi alágbàṣe tí ń kùn, gẹ́gẹ́ bí èdè Gíríìkì ti wí, bóyá ojú rẹ̀ burú nítorí pé òun jẹ́ ẹni rere. Faransé ní àkànlò tí ó sún mọ́ ọn: ẹni tí inú rẹ̀ kò dùn sí nǹkan a máa fi ojú búburú wò ó. Ní ti Yorùbá, ojú tí a fi ń ríran náà ni ojú tí a ń bọ́ láràárọ̀. Olùgbọ́ lè rò pé òbùrẹ́wà ni a pe ọkùnrin náà. Ojúkòkòrò kò bá a mu: olójúkòkòrò ń wá kún tirẹ̀, ṣùgbọ́n eléyìí ń bínú sí ìpín ẹlòmíràn. Ìlara ni. Nítorí náà mo dábàá: “Ìwọ ha ń ṣe ìlara nítorí tí mo lawọ́ bí?” Ojú ti kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè Olúwa dé ọkàn wa.