ÌTỌ́JÚ TÁBÌLÌ OLÓKÙÚTA

Òkúta kì í ṣe àlejò ní ilé ìdáná Yorùbá. Láti ìgbà pípẹ́ ni àwọn ìyá wa ti ń fi ọlọ àti ọmọ ọlọ lọ ata. Bí ojú ọlọ bá ń yọ̀, tí kò sì lọ ata kúnná mọ́, a óò fi irin mímú gún un lójú kí ó lè tún mú. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé lónìí, òkúta dídán ni a fi bo ojú tábìlì ìdáná. Dídán ni a ń fẹ́ kí èyí máa dán, nítorí náà a kò gbọdọ̀ tọ́jú rẹ̀ bí ọlọ.

Oríṣi òkúta méjì ni a sábà máa ń lò. Èkíní ni akọ òkúta, tí àwọn mìíràn ń pè ní gíránáìtì. Irú rẹ̀ ni Òkè Olúmọ ní Abẹ́òkúta àti àwọn òkè Ìdànrè. Èkejì ni mábù, irú èyí tí a ń wà ní Ìgbẹ́tì ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ìbátan ni mábù jẹ́ fún òkúta tí a ń lọ̀ ṣe sìmẹ́ńtì ní Ewékorò. Àwọn méjèèjì a máa dán lójú, ṣùgbọ́n ìwà wọn kò dọ́gba.

Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ kan. Ká ní ọmọ kan ti rí i pé ọsàn wẹ́wẹ́ a máa mú kí idẹ dán. Ó gé ọsàn náà, ó sì fi ra ojú tábìlì mábù, kí inú ìyá rẹ̀ lè dùn. Nígbà tí ó nù ún tán, ibi tí ó fi ọsàn ra kò dán mọ́. Ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ títí, asán ni. Kí ni ó fà á? Ohun kíkan a máa jẹ mábù. Bí oje ọsàn, ọtí kíkan tàbí omi tòmátì bá kàn án, díẹ̀ nínú òkúta náà yóò yòrò dànù. Ohun tí ọmọ náà ń wò kì í ṣe ìdọ̀tí, ọgbẹ́ ni. Ọṣẹ kò lè wo ọgbẹ́ òkúta sàn, àfi kí oníṣẹ́ òkúta tún un dán. Akọ òkúta ní tirẹ̀ kò bẹ̀rù oje ọsàn tó bẹ́ẹ̀. Àìmọ̀kan ni í mú èkúté pe ológbò níjà: ẹ mọ irú òkúta tí ó wà níwájú yín kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Àbààwọ́n yàtọ̀ sí ọgbẹ́. Òkúta ní ihò wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí. Bí epo bá dà sí i, tí a kò sì tètè nù ún, yóò wọ inú rẹ̀ lọ, ibẹ̀ yóò sì ṣú. Èyí ṣeé tọ́jú. Ẹ fi omi po sódà tí a fi ń ṣe àkàrà òyìnbó títí yóò fi ki, kí ẹ tẹ́ ẹ sí ojú ibẹ̀, kí ẹ fi ọ̀rá bò ó fún ọ̀sán kan àti òru kan. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí i sílẹ̀ kí ó gbẹ. Bí ó ti ń gbẹ ni yóò máa fa epo náà jáde.

Ní ojoojúmọ́, aṣọ múlọ́múlọ́, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ díẹ̀ ti tó. Ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án, kí ẹ sì nù ún gbẹ. Ẹ má ṣe fi yanrìn tàbí kànrìnkàn onírin ha á, nítorí yanrìn le ju mábù lọ. Orí pákó ni kí ẹ ti máa gé ẹran. Ẹ má sì gbé ìkòkò gbígbóná lé e ní ìhòòhò, kí ooru òjijì má baà là á.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ni í le koko. Bí òkúta ti le tó, ẹ̀sọ̀ ni ó ń fẹ́.

ÌBÉÈRÈ
1. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àbààwọ́n àti ọgbẹ́ òkúta?
2. Èéṣe tí ọsàn wẹ́wẹ́ fi yẹ idẹ, tí kò sì yẹ mábù?