Ọ̀rà ni wọ́n ti ń wọn ẹrù Ìkẹjà: ẹ̀kọ́ fún oníṣòwò tó fẹ́ fi bààlúù kó ọjà lọ sókè òkun

Ká ní oníṣòwò kan di ewúro gbígbẹ sínú páálí ní Ọ̀rà-Ìgbómìnà, níjọba ìbílẹ̀ Ifẹ́dayọ̀, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ó gbé e gba Ìlá-Ọ̀ràngún, Òṣogbo àti Ìbàdàn, ó sì gbé e dé pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà l'Ékòó. Òṣùwọ̀n tó fi wọ̀n ọ́n nílé ti sọ fún un pé kílò 9 péré ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó débẹ̀, kílò 20 ni wọ́n ní kó sanwó rẹ̀. "Màmá, ẹ má bínú," ni ajẹ́ǹtì máa sọ, "àyè tí ẹrù yín gbà la wò." Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pariwo pé wọ́n rẹ́ àwọn jẹ. Nígbà mìíràn, wọ́n rẹ́ wọn jẹ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, ìlànà tí àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ń lò kárí ayé ni, kò sì sí ẹni tó jókòó ṣàlàyé rẹ̀ fún oníṣòwò kó tó kúrò nílé.

Bí ìṣirò náà ṣe rí nìyí. Wọ́n á fi téèpù wọn gígùn, ìbú àti gíga páálí ní sẹ̀ǹtímítà, wọ́n á sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di púpọ̀ mọ́ra, wọ́n á wá fi 6,000 pín in. Páálí tó gùn ní 60, tó fẹ̀ ní 50, tó sì ga ní 40 yóò jẹ́ 60 lọ́nà 50 lọ́nà 40, èyí tí í ṣe 120,000. Bí wọ́n bá fi 6,000 pín in, ó di kílò 20. Kílò orí òṣùwọ̀n àti kílò àyè yìí, èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì ni wọ́n máa gba owó rẹ̀. Bó bá ṣe pé náírà 1,000 ni owó kílò kan (àpẹẹrẹ lásán nìyí o, kì í ṣe iye tí wọ́n ń gbà), ẹni tó ti fi 9,000 sọ́kàn yóò san 20,000. Bó bá ti fi 9,000 ṣírò iye tó bá oníbàárà rẹ̀ ní London sọ, gbèsè ló kó sínú bààlúù yẹn. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń gbé ẹrù láti ilé dé ilé tiẹ̀ sábà máa ń fi 5,000 pín in, páálí kan náà yóò sì di kílò 24 lọ́wọ́ wọn.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ju kí wọ́n lọ ewúro náà, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa nínú ọ̀rá, kí wọ́n sì wá páálí tó bá a mu. Páálí tó gùn ní 50, tó fẹ̀ ní 36, tó ga ní 30 jẹ́ 54,000, bí wọ́n bá sì fi 6,000 pín in, kílò 9 géérégé ni. Ọjà kan náà ni, kò dín, kò lé, ṣùgbọ́n owó bààlúù ti wálẹ̀ ju ìdajì lọ. Ọ̀rà ni wọ́n ti lè ṣe èyí, kì í ṣe Ìkẹjà.

Ọ̀rọ̀ èlùbọ́ yàtọ̀. Èlùbọ́ wúwo ju àyè tó gbà lọ, nítorí náà ohun tí òṣùwọ̀n bá sọ ni wọ́n máa san. Wàhálà tirẹ̀ ni pé ọjà tó wúwo tí owó rẹ̀ kò gara ni, owó bààlúù sì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ ju owó èlùbọ́ fúnra rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ní púpọ̀ láti kó, tí oníbàárà rẹ̀ sì lè dúró, ọkọ̀ ojú omi láti Àpápá ni kó kọ́kọ́ bèèrè.

Ó yẹ kí oníṣòwò mọ ẹni tó ń gba owó rẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ni pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà bẹ̀rẹ̀. Ilé èrò tó ń lọ sókè òkun tí wọ́n ṣí ní 1979, pápákọ̀ Schiphol ní Amsterdam ni wọ́n wò kọ́ ọ, wọ́n sì fi orúkọ Ọ̀gágun Murtala Muhammed, olórí ìjọba tí wọ́n pa ní 1976, pè é. Ní oṣù kẹta 2022, wọ́n ṣí ilé èrò tuntun tí àwọn ará Ṣáínà kọ́. Ilé èrò ni gbogbo ìyẹn, kì í ṣe ibẹ̀ ni páálí ewúro ń gbà. FAAN ló ń bójú tó pápákọ̀ náà, ṣùgbọ́n NAHCO àti SAHCO ló ń gba ẹrù, tí wọ́n ń wọ̀n ọ́n, tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀, tí wọ́n sì ń kó o sínú bààlúù. SAHCO jẹ́ ẹ̀ka Nigeria Airways tẹ́lẹ̀, kí ìjọba tó tà á fún aládàáni ní 2009. Nigeria Airways fúnra rẹ̀ ti kógbá sílé ní 2003. Láti ìgbà náà, ilé iṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù wa. Lóòótọ́, Air Peace bẹ̀rẹ̀ sí í fò lọ sí Gatwick ní London ní oṣù kẹta 2024, ṣùgbọ́n orí dọ́là ni wọ́n ṣì ti ń ṣírò owó ẹrù. Bí náírà bá já wálẹ̀ lónìí, iye tí ajẹ́ǹtì sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá ti di ìtàn.

Ìwé ló kàn. Ẹni tó bá fẹ́ ta ọjà sókè òkun gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NEPC, kó sì gba fọ́ọ̀mù NXP nípasẹ̀ báńkì rẹ̀. Ohun ọ̀gbìn nílò ìwé ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ NAQS pé kò ní kòkòrò tàbí àrùn. Oúnjẹ tí wọ́n ti ṣe sínú ọ̀rá tàbí ike nílò ti NAFDAC. Àwọn kan ṣì ń fi ọjà wọn rán ẹni tó bá ń rìnrìn àjò. Ìyẹn dára fún ọbẹ̀ ọmọ tó ń kàwé lọ́hùn-ún, kì í ṣe ọ̀nà òwò.

Bí ìwé bá tiẹ̀ pé, ohun tó wà nínú àpò lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ní oṣù kẹfà 2015, àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù, EU, fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà. Wọ́n ti ń rí òògùn kòkòrò dichlorvos nínú rẹ̀, òògùn tó wà nínú ohun tí wọ́n ń pè ní ọtapiapia lọ́jà. Mílígíráàmù 0.01 nínú kílò kan ni wọ́n fàyè gbà, èyí tí wọ́n bá nínú ẹ̀wà wa sì jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ọdún kan ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, lẹ́yìn náà ni wọ́n sún un síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹni tó wọ́n òògùn àti ẹni tí kò wọ́n ọn, gbogbo wọn ló jọ jìyà rẹ̀. Ẹ̀wà kọ́ ni wọ́n mọ Ọ̀rà mọ́, ṣùgbọ́n kòkòrò ń jẹ èlùbọ́ náà. Ẹni tó bá ń tọ́jú ọjà tó fẹ́ kó lọ sílùú òyìnbó gbọ́dọ̀ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, kó sì lo àpò onípele mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní PICS. Afẹ́fẹ́ kò lè wọ inú rẹ̀, kòkòrò á sì kú láìsí òògùn kankan.

Ní Kenya, àwọn àgbẹ̀ kéékèèké tó ń gbin ẹ̀wà tútù kì í dá gbé páálí lọ sí pápákọ̀ Jomo Kenyatta ní Nairobi. Wọ́n ń kó ara wọn jọ, wọ́n á ta ọjà wọn fún ẹnì kan tó ní ilé tí wọ́n ti ń ṣà á, tí wọ́n ti ń dì í, tó sì ń fi ọkọ̀ tútù gbé e dé pápákọ̀. Ẹni yẹn ló ń bá ilé iṣẹ́ bààlúù dúnàá dúrà, nítorí ẹni tó ní kílò ẹgbẹ̀rún kan lọ́wọ́ kì í sanwó bí ẹni tó ní 9. Ìwé kan sì tó fún ẹrù gbogbo wọn. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tí àwọn tó ń dá èésú ní Ọ̀rà àti Ìlá kò lè ṣe.

Àwọn kan ti ń retí pápákọ̀ tó súnmọ́lé. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìdó-Ọ̀ṣun ní 2012 lásìkò Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, wọ́n sì fi orúkọ MKO Abíọ́lá pè é, ṣùgbọ́n ọdún ń gorí ọdún, kò sí bààlúù akẹ́rù tó ń gbéra níbẹ̀ lọ sókè òkun. Ti Ìlọrin wà, ó sì súnmọ́ Ọ̀rà ju Ìkẹjà lọ. Ṣùgbọ́n bààlúù kì í lọ síbi tí ẹrù kò ti tó láti kún inú rẹ̀, àwọn tó ń lọ sí London kò sì gba Ìlọrin kọjá. Kó tó di ọjọ́ tí ìyẹn máa yí padà, Ìkẹjà náà ni, pẹ̀lú téèpù àti òṣùwọ̀n rẹ̀.