Kí Ló Dé Tí Ọdẹ Komu Fi Fẹ́ràn Ìbọn Ẹlẹ́nu Méjì fún Àparò?

Ọ̀rọ̀ ìbọn ni mo gbé wá lónìí, àmọ́ ẹ má jáyà, ẹ̀kọ́ físíìsì ni. Kẹ́mísírì díẹ̀ máa wà níbẹ̀ tó bá yá, nítorí ohun kan tí mo rí nínú àwo ọbẹ̀.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, mo lọ sílé ní Komu, ìjọba ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú. Ẹni tó bá mọ Òkè-Ògùn mọ bó ṣe máa ń rí lásìkò yẹn: koríko ti gbẹ, iná ti jó apá kan ìgbẹ́, àparò sì ń ké létí oko láàárọ̀. Ọdẹ ni àbúrò bàbá bàbá mi. Mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń fi epo nu ìbọn. Mẹ́ta ló wà nílẹ̀: ṣakabùlà kan tí wọ́n jogún, ìbọn ẹlẹ́nu kan, àti ìbọn ẹlẹ́nu méjì. Mo ní, "Bàbá, èwo lẹ fẹ́ràn jù fún àparò?"

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọ yìí, o tún ń béèrè? Ẹlẹ́nu méjì ni jàre. Àparò kì í dúró de ẹni tó ń ki ìbọn."

Ọ̀rọ̀ kúkúrú nìyẹn, àmọ́ físíìsì pọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ẹyẹ náà. Àparò kì í tètè fò. Ó máa sá pamọ́ sínú koríko títí ẹsẹ̀ rẹ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, lẹ́yìn náà ló máa ta fìrì sókè. Ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan péré ni ọdẹ ní. Ẹyẹ yẹn kéré, ó sì ń sáré. Ọta kan ṣoṣo kò lè tètè bá a, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo kátíríìjì tí ọta wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀. Kátíríìjì tó gbé gíráàmù 32 ọta nọ́ńbà 6 máa ń ní ọta tó lé ní 200 nínú.

Nọ́ńbà tí wọ́n ń pe ìbọn ńkọ́? Bí wọ́n bá ní "ìbọn 12", ohun tó túmọ̀ sí ni pé tí a bá pín òjé tó wọn pọ́n-ùn kan sí ọ̀nà 12, tí a sì ṣù ú róbótó, ẹyọ kan máa bá ihò ọ̀pá ìbọn yẹn mu gẹ́lẹ́. Ihò náà fẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 18.5. Ìdí nìyí tí ihò ìbọn 20 fi kéré sí ti ìbọn 12: bí ìpín bá ṣe pọ̀ tó ni òjé kọ̀ọ̀kan ṣe máa kéré tó.

Ó yá, ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Ọta máa ń jáde lẹ́nu ìbọn ní nǹkan bíi mítà 400 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, afẹ́fẹ́ á sì máa dín eré rẹ̀ kù. Kó tó rin mítà 30, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá á ti lọ. Ká ní àparò ń fi eré mítà 15 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan kọjá níwájú rẹ, á ti kúrò níbi tó o wò ó sí ní mítà kan ààbọ̀! Ibi tí ẹyẹ ń lọ ni ọdẹ gbọ́dọ̀ yìnbọn sí. Bàbá ò ka físíìsì, ọwọ́ wọn ló ń ṣe ìṣirò yìí.

Ibi tí ṣakabùlà ti kùnà nìyẹn. Ẹnu ni wọ́n ti ń ki ẹ̀tù bọ̀ ọ́. (Ẹ má ṣi ẹ̀tù ìbọn mú fún ẹtù tó jẹ́ ẹyẹ o, ohùn ló yà wọ́n.) Èédú, imí-ọjọ́ àti saltpetre ni wọ́n pò pọ̀ di ẹ̀tù. Lẹ́yìn tó o bá fa ìbọn, iná gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọlé bá ẹ̀tù yìí kó tó gbiná, ìdádúró kékeré yẹn sì tó kí ẹyẹ bọ́. Èéfín á wá bo ojú rẹ, wàá sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ki òmíràn. Èyí tó burú jù ni pé páìpù omi lásán ni àwọn kan fi ń rọ ọ̀pá rẹ̀. Wọn ò ṣe páìpù omi fún agbára ẹ̀tù. Bí ẹ̀tù bá pọ̀ jù, ó lè bẹ́ mọ́ ọdẹ lọ́wọ́. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 sì ka ṣakabùlà náà mọ́ ohun tó gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ.

Ìbọn ẹlẹ́nu kan yá ju ìyẹn lọ, ó fúyẹ́, owó rẹ̀ ò sì wọ́n tó ti ẹlẹ́nu méjì. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan péré lo máa yìn ín kó o tó ṣí i.

Kí ni ẹlẹ́nu méjì ní? Ẹnu méjèèjì kì í sábà rí bákan náà. Wọ́n máa ń fún ọ̀kan pọ̀ díẹ̀ níwájú. Choke ni òyìnbó ń pè é. Ní mítà 36 ó lé díẹ̀, ẹnu tí wọn ò fún pọ̀ máa kó nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ọta rẹ̀ sínú òbìrí tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 76. Èyí tí wọ́n fún pọ̀ dáadáa máa kó nǹkan bí 70. Nítorí náà, ọdẹ á kọ́kọ́ fi ẹnu tó ń fọ́n ọta ká yin àparò tó ṣì sún mọ́ ọn. Bí ìyẹn bá tàsé, á fi ẹnu kejì lé e lọ sọ́nà jíjìn.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, a fi àparò jẹ iyán. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mẹ́rin, ṣàdédé tu nǹkan dúdú kékeré kan síwájú àwo. Ọta ni. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Òjé ni ọta yẹn. Ìdí tí wọ́n fi fẹ́ràn òjé ni pé ó wúwo: sẹ̀ǹtímítà kan ní ìbú, òró àti gíga rẹ̀ wọn gíráàmù 11.3, nígbà tí ti irin jẹ́ nǹkan bíi 7.9. Ohun tó bá wúwo kì í tètè pàdánù eré rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́. Àmọ́ òjé rọ̀, ó máa ń fọ́ sínú ẹran débi pé ojú ò ní rí i, ásíìdì inú ikùn sì ń yọ́ ọ wọ ẹ̀jẹ̀. Ọpọlọ ọmọdé ló ń bàjẹ́ jù. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé tí a mọ̀ tí kò léwu. Ní 2010, òjé látinú iṣẹ́ ìwakùsà góòlù pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé ní Zamfara. Ti ọta inú ẹran ò tó ìyẹn, àmọ́ májèlé kan náà ni. Ẹyẹ pàápàá máa ń ṣà á jẹ bí òkúta wẹ́wẹ́, iwe rẹ̀ á sì lọ̀ ọ́. Amẹ́ríkà fòfin de ọta òjé fún pípa ẹyẹ omi ní 1991, Denmark sì fòfin de gbogbo rẹ̀ ní 1996.

Kí la lè ṣe nílé? Ẹ gé ẹran tó yí ojú ọta ká dànù dáadáa, kì í ṣe ọta nìkan. Ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fínígà sè é, ohun kíkan ń yọ́ òjé sínú ọbẹ̀. Ẹ má fún ọmọdé àti aláboyún jẹ. Ọta irin wà, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìbọn àtijọ́ ló lè gbà á, pàápàá èyí tí wọ́n fún ẹnu rẹ̀ pọ̀. Ẹ má kàn ki í bọ̀ ọ́.

Mo ṣàlàyé fún Bàbá. Wọ́n wò mí títí. "Ìwé yín ti wá wọnú ìkòkò ọbẹ̀ báyìí?" Àmọ́ nígbà tí wọ́n pa òmíràn, àwọn fúnra wọn ló mú ọ̀bẹ, tí wọ́n gé ojú ọta yípo, wọ́n sì sin ín, kí adìyẹ má baà ṣà á jẹ.

Àgbà ní àparò kan ò ga ju ọ̀kan lọ, àfi èyí tó bá gorí ebè. Bí ọdẹ bá wà nílé tiyín, ẹ lọ sọ fún wọn kí wọ́n tó gbé ìkòkò kaná.