Má Yáwó Torí Ìwé Títẹ̀

Ọmọ mi, mo gbọ́ pé o ń wá owó tí o máa fi ra Microsoft Office torí iṣẹ́ àṣekágbá rẹ. Fi owó yẹn jẹun. Láti ọdún 2006 ni Google ti gbé Docs jáde, ọ̀fẹ́ sì ni. Àwọn Microsoft pàápàá ní Word kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọn kì í gba kọ́bọ̀ lórí ẹ̀. Akáǹtáǹtì tó ń fi Excel ṣe ìṣirò ńláńlá lè nílò èyí tí wọ́n ń tà, ilé iṣẹ́ rẹ̀ ló sì yẹ kó san án. Ìwọ kọ́.

Ẹnìkan á sọ fún ọ pé òun mọ ẹni tó máa bá ọ fi ayédèrú Office sórí kọ̀ǹpútà rẹ lówó pọ́ọ́kú. Má gbà. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń já àgádágodo sọ́fítíwíà mọ bí wọ́n ṣe ń fi fáírọ́ọ̀sì sínú ẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá jẹ iṣẹ́ rẹ, ta lo fẹ́ mú?

Ohun tó wù mí jù nínú Docs ni ti iná. Bí wọ́n bá mú iná lọ, tí bátìrì sì kú, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti wà, ohun tí o ti tẹ̀ kò lọ síbì kankan, torí bí o ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ló ń tọ́jú ẹ̀. Ọ̀gá tó ń yẹ iṣẹ́ rẹ wò lè jókòó sílé rẹ̀ kó máa kọ àtúnṣe sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, láìjẹ́ pé ò ń fi “final”, “final tuntun”, “final gidi” ránṣẹ́ sí i. Bí ọ̀rẹ́ tẹ́ ẹ jọ ń kọ ọ́ bá ṣèèṣì pa orí kẹta rẹ́, lọ sí File, wá Version history, ti àná á jáde.

Ṣùgbọ́n ṣọ́ra tí o bá ń fún èèyàn ní línkì. Viewer ń wò lásán ni, Commenter lè dá sí i, Editor lè pa gbogbo ẹ̀ rẹ́. Tó bá sì jẹ́ kafé lo ti ṣiṣẹ́, sign out kí o tó dìde, kí ẹni tó kàn má bàa bá ọ ka ímeèlì rẹ.

Mo mọ̀ pé dátà wọ́n. Nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣì dára, ṣí ìwé náà nínú Chrome, kí o tẹ “Make available offline”. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì àdúgbò yín kò bá tiẹ̀ ṣeé gbára lé rárá, LibreOffice ni kí o gbé sórí kọ̀ǹpútà rẹ. Ọ̀fẹ́ lòun náà, ó sì ń ṣí fáìlì Word, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tábìlì inú ẹ̀ lè yẹ̀ díẹ̀.

Ayálégbé sì ni ọ́ lọ́dọ̀ Google. 15 GB ni wọ́n fún ọ, Gmail àti fọ́tò rẹ wà nínú ẹ̀. Àkáǹtì tí o kò bá sì fọwọ́ kàn fún ọdún méjì, wọ́n lè pa á rẹ́. Máa da ẹ̀dà kan sínú fíláàṣì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tí o bá ń lọ bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, PDF ni kí o gbé lọ, kí àmì ohùn orí orúkọ rẹ má bàa di àpótí òfìfo lórí ìwé tí o ti sanwó ẹ̀.