Ohun-Èlò Orin Àkọ́kọ́ fún Ọmọdé

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́, ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí ọ̀ràn kan tí ọ̀pọ̀ ilé fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú: ohun-èlò orin wo ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ fi lé ọmọdé lọ́wọ́? Bí a bá ṣì í yàn, owó nìkan kọ́ ni a pàdánù. Ọmọ tí a fún ní ohun tí ó ju agbára rẹ̀ lọ yóò gbìyànjú títí, yóò sì gbà nínú ọkàn rẹ̀ pé òun kò ní ẹ̀bùn orin. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni ó ń sọ bẹ́ẹ̀ nípa ara wọn títí di òní, bẹ́ẹ̀ ni ó lè jẹ́ pé ohun-èlò tí ó bá wọn mu ni wọn kò rí.

Èkíní, kí a mọ̀ pé ohùn ọmọ ni ohun-èlò rẹ̀ àkọ́kọ́. Ọmọ Yorùbá tí ó mọ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ́ tí a fi ń roko, ọkọ̀ tí a ń wọ̀, àti ọ̀kọ̀ tí a fi ń jagun, etí rẹ̀ ti mọ ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ kí ó tó mọ ìwé. Ẹ jẹ́ kí ó máa kọrin, kí ó sì máa pàtẹ́wọ́ sí i. Fela Sowande, tí a bí ní 1905, wà láàárín àwọn ọmọdé akọrin ní Kàtídírà Kristi ní Èkó lábẹ́ T. K. Ekundayo Phillips, kí ayé tó mọ̀ ọ́n ní atẹdùùrù àti ẹni tí ń kọ orin sílẹ̀.

Èkejì, kí ohun-èlò náà bá ara ọmọ mu. Ẹ wo àwọn ìdílé Àyàn: wọn kì í gbé ìyáàlù kọ́ ọmọdé léjìká ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ìlù kékeré ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí ó sì ti ń lù ú lẹ́yìn àwọn àgbà ni etí rẹ̀ ń kọ́ bí ìyáàlù ti ń sọ̀rọ̀. Ọgbọ́n kan náà ni kí a lò fún ohun-èlò òkèèrè. A ń ṣe fáyólìnì kéékèèké fún apá ọmọdé; bí apá ti ń gùn ni a ń pààrọ̀ rẹ̀. Fèrè idẹ bí trumpet ń fi ètè ti eyín iwájú. Nítorí náà ó sàn kí a dúró títí eyín àgbà yóò fi hù níbẹ̀, ní bí ọmọ ọdún 7 tàbí 8. Rìkọ́dà kò wọ́n, èémí jẹ́jẹ́ sì tó o. Ṣùgbọ́n ó ní ihò 7 níwájú àti 1 lẹ́yìn, bí ìka ọmọ kò bá sì dí wọn dáadáa, igbe ni yóò máa ké. Ẹ má ṣe bá ọmọ wí nítorí èyí. Ẹ jẹ́ kí ìka rẹ̀ dàgbà.

Dùùrù rọrùn láti bẹ̀rẹ̀, nítorí ohùn tí ó tọ́ ti wà nílẹ̀ de ìka ọmọ. Ẹni tí yóò ra èyí tí ń lo iná mànàmáná, kí ó wá èyí tí àtẹ rẹ̀ kò dín ní 61, tí ohùn rẹ̀ ń ròkè bí a bá tẹ̀ ẹ́ kíkan, tí ó sì lè lo bátìrì nígbà tí iná bá lọ.

Ẹ̀kẹta, kí a wá olùkọ́ kí a tó wá ohun-èlò. Okùn yóò já, awọ ìlù yóò ya. Ta ni yóò tún un ṣe ní àdúgbò? Ìlù tí olùkọ́ rẹ̀ wà nítòsí sàn fún ọmọ ju dùùrù olówó ńlá tí ó jókòó sí yàrá àlejò tí ẹnìkan kò fọwọ́ kàn. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé ìlù rẹlẹ̀. Phillips fúnra rẹ̀, ọ̀gá dùùrù, kọ ìwé lórí orin Yorùbá, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1953.

Ẹ̀kẹrin, kí a bi ọmọ náà léèrè, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin. Ẹ mú un lọ gbọ́ oríṣiríṣi, kí ó fọwọ́ kàn wọ́n. Bí ó bá ṣe é ṣe, ẹ yá ohun-èlò náà lò fún ìwọ̀n oṣù mẹ́ta kí ẹ tó rà á. Ìṣẹ́jú 15 lójoojúmọ́ sàn ju wákàtí méjì lọ ní ọjọ́ Sátidé. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà.

Ìbéèrè fún àwọn òbí:
1. Ohùn wo ni ọmọ wa máa ń dúró gbọ́ láìsí pé a pè é?
2. Ṣé ọwọ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ àti èjìká rẹ̀ tó ohun tí a fẹ́ rà?
3. Ta ni yóò kọ́ ọ, ta ni nínú wa yóò sì máa jókòó tì í nígbà tí kò tíì mọ̀ ọ́n?