Kí a tó gbé ìyàwó: lẹ́tà sí ọmọ mi

Àkànní ọmọ mi,

Ìwé ẹrù ìyàwó tí àwọn àna rẹ fi ránṣẹ́ láti Ọ̀kà ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Iṣu 42, obì 42, orógbó 42, oyin, iyọ̀, àádùn: kò sí èyí tó ju agbára wa lọ. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí ọjọ́ náà bọ́ sí oṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá, nígbà tí iṣu tuntun bá ti kún ọjà Ìkàrẹ́. Ẹni tó bá ra iṣu 42 nínú oṣù karùn-ún, àpò rẹ̀ á mọ̀ ọ́n lára.

Owó orí kọ́ ló ń gbọ́n àpò gbẹ. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló máa ń dá a padà. Ti alága ni kí o múra sí. Kí a tó wọlé, owó. Kí a tó ka lẹ́tà, owó. Kí ìyàwó tó jáde, owó. Màá bẹ àbúrò bàbá rẹ kí wọ́n bá alága ìjókòó sọ ọ́ ṣáájú, kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ iye kan. Má yá kọ́bọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù. Ibi tí owó àjọ rẹ bá mọ, ibẹ̀ ni kí ayẹyẹ mọ.

Èyí tó ká mi lára jù rèé. Sọ iye tí ò ń gbà lóṣù fún ìyàwó mi báyìí, iye náà gan-an, pẹ̀lú gbèsè tí o jẹ àti owó ilé-ìwé àbúrò rẹ ní Àkùngbá. Kí òun náà sọ tirẹ̀. Obìnrin tí kò gbọ́ nípa gbèsè ọkọ rẹ̀ àfi ìgbà tí olówó kan ilẹ̀kùn, mo ti rí i lọ́jà, ojú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí mo fẹ́ rí nílé ọmọ mi. Sọ iye tí ò ń fi ránṣẹ́ sí mi náà fún un. Kó má jẹ́ ẹnu mi ni yóò ti gbọ́ ọ. Bí owó oṣù bá wọlé, ẹ jókòó, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ kọ́kọ́ yọ ti alájẹṣẹ́kù kí ẹ tó ná ìyókù. Èrè ọjà ìyàwó rẹ, tirẹ̀ ni. Má ṣírò rẹ̀ mọ́ owó oúnjẹ àfi bí ó bá fúnra rẹ̀ mú un wá.

Ìdána nìkan kò tó. Ẹ ṣe ti kóòtù ní ìjọba ìbílẹ̀; Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà ni ọ́fíìsì wọn wà, kò jìnnà. Wọn á lẹ ìkéde mọ́ ara ògiri fún ọjọ́ 21, ìgbéyàwó náà kò sì gbọdọ̀ kọjá oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ fìwé sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ni, bi pásítọ̀ bóyá ìjọba fún wọn ní ìwé àṣẹ. Nínú àṣà wa, aya kì í jogún ọkọ. Ọmọ ló ń jogún. Ìwé kóòtù ló ń fún aya ní ìpín tirẹ̀. Má sì rò pé orúkọ rẹ̀ tí o bá kọ sí fọ́ọ̀mù báǹkì ti yanjú rẹ̀: ẹni tí wọ́n á kàn sí nìyẹn, kì í ṣe ajogún. Ilé-ẹjọ́ gíga ni wọ́n ti ń gba ìwé àṣẹ lórí owó òkú.

Bí o bá ń bọ̀ ní Sátidé, mú rísíìtì ilẹ̀ tí o rà dání, àtèyí tí wọ́n fi ọwọ́ kọ. A ó lọ bá ìdílé tó tà á fún ọ kí wọ́n kọ òmíràn, kí orúkọ ẹ̀yin méjèèjì wà níbẹ̀, kí ẹlẹ́rìí sì fọwọ́ sí i.

Ìyá rẹ.