Oògùn ń mú àbúrò mi sanra

Ìbéèrè: Àbúrò mi tó ní àìsàn ọpọlọ ń gbé nílé alábòójútó ní London. Oògùn ti mú un sanra jù, kò sì sẹ́ni tó ń yẹ ara rẹ̀ wò.

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé yẹn kì í sábà jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọ̀dọ̀ GP, ìyẹn dókítà ìdílé, ni kẹ́ ẹ kọjú sí. Ní England, ẹni tí àìsàn ọpọlọ rẹ̀ bá le ní ẹ̀tọ́ sí àyẹ̀wò ara lọ́dọọdún, lọ́fẹ̀ẹ́: ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, ìwọ̀n ara, ṣúgà àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀. Bí kò bá ní GP, kò pọn dandan kó mú ìwé àdírẹ́sì wá kó tó forúkọ sílẹ̀, ohun yòówù kí ẹni tó wà ní káńtà máa wí. Kí òṣìṣẹ́ ilé kan bá a lọ. Àmọ́ kó má dá oògùn dúró fúnra rẹ̀ o! Dókítà ọpọlọ lè bá a pààrọ̀ rẹ̀.